Wọ́n Fẹ́ Gbé Màmá Wa Gba Munich Dé Hamburg

Ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ, òní ni Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé sọ́dọ̀ mi ní Gesundbrunnen, ní Berlin. Físà tó pẹ́ jáde ló fà á. Billstedt ní Hamburg ni àbúrò mi obìnrin tó bímọ ń gbé, àwọn ará ọkọ rẹ̀ sì ti ní àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ ò ṣeé sún. Ọmọ-ọmọ mẹ́ta ni Màmá ní lókè òkun, orí fóònù ni wọ́n ti ki gbogbo wọn. Wọ́n ní, "Èyí, ọwọ́ mi ni yóò wà tí mo bá ń kì í." Ẹ̀rù ń bà mí kó má bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Èkó ni àkọ́bí wa. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀, abẹ gé e nìyẹn. Wọ́n ti wo íńtánẹ́ẹ̀tì: Berlin sí Hamburg, ọkọ̀ òfurufú ò ní lò tó wákàtí kan. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Mo wò ó. Yéè! Ọkọ̀ tó ń fò lọ tààrà ò sí. Munich ni yóò kọ́kọ́ gbé ìyá wa lọ, nísàlẹ̀ pátápátá, kí òmíràn tó wá gbé wọn padà sókè. Ọ̀sán gangan ni wọ́n máa dé. Ọmọ mi obìnrin, tí mo bí síbí, wo máàpù, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Quatsch!" Ìsọkúsọ ló ń pè é.

Mo pe Èkó. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ ojú irin ló yá jù."

"Òfurufú wà, o fẹ́ máa wọ́ ìyá mi nílẹ̀?"

Ìyá mi! Bí ẹni pé abẹ́ igi ni wọ́n ti ṣa àwa yòókù. Ara mi gbóná. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, ẹ̀yin lẹ dàgbà, àmọ́ èmi ni mò ń gbé ìlú yìí." Mo pa fóònù. N ò ṣe irú ẹ̀ rí.

Màmá ní, "Àkọ́bí mi ló sọ̀rọ̀ o."

Mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ n gbé yín lọ. Tá a bá pẹ́, ẹ fi mí bú."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Jí mi ní kùtù."

Àwọn òṣìṣẹ́ ń tún ojú irin ṣe lọ́wọ́, ọkọ̀ wa ní láti yípo. Bó bá ti rọra díẹ̀, màá wo aago. Màmá ń sùn ní tiwọn. Bá a ṣe bọ́ sílẹ̀ ní Hamburg, a kó sínú U2, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ó di Billstedt. Àwọn ará ọkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to oyin àti iyọ̀ sórí tábìlì ni. Àbúrò mi figbe ta: "Màmá mi o!" Ilé pariwo. Mo jó tòun tàpò ẹrù lọ́wọ́! Ọkọ̀ òfurufú ẹ̀gbọ́n mi ò tíì kúrò ní Munich nígbà yẹn.

Wọ́n gbé ọmọ lé Màmá lọ́wọ́. Màmá kì í, wọ́n ki ìlú wa, wọ́n ki bàbá wa tó ti lọ. Ọmọ tó ń ké látàárọ̀ dákẹ́. Màmá tẹ imú mọ́ ọn lórí, omi ń dà lójú wọn.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo gbọ́ òórùn rẹ̀."