Ọmọ Tí Mo Fi Oorun Ṣọ́

Ẹ wá ibi jókòó sí. Ẹni tó bá lọ́mọ lọ́wọ́, kó jókòó sí ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà, kó lè tètè dìde bí ọmọ bá ké. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó fẹ̀yìn ti ògiri, n kò ní bá a jà. Ọ̀rọ̀ oorun náà ni mo fẹ́ sọ, mo sì mọ iyì rẹ̀ ju ẹni tó kàn ń sùn ún lásán lọ.

Nígbà ọyẹ́ tó ṣáájú òmìnira Góòlù Kóòsì ni mo bí àkọ́bí mi, ní Níma, nínú agboolé kan tó jẹ́ pé Haúsá, Gá àti àwa Yorùbá la jọ ń bu omi nínú àgbá kan ṣoṣo. Ọkọ mi ń ta ìkòkò àti páànù. Èmi ń ta òwú, abẹ́rẹ́, dígí àti ìyarun ní ọjà Kotobabi. Alátà ni àwọn onílùú ń pè wá, bí wọ́n bá fẹ́ràn wa, bí wọn ò sì fẹ́ràn wa; ohùn tí wọ́n fi pè é la fi ń mọ èwo ni.

Obìnrin ni ọmọ náà. Ní ọ̀sán, ó ń sùn bí ẹni tí wọ́n sanwó fún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kírun alẹ́ tán ní mọ́ṣáláṣí, ojú rẹ̀ á là rekete. Bí mo bá fún un lọ́mú, á mu ún díẹ̀, á sùn. Bí mo bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, á jí. Ọkọ mi fara dà á fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ó ní olè ti pọ̀ nílùú nítorí òmìnira tó ń bọ̀, ó yẹ kí òun máa sùn sí sọ́ọ̀bù láti ṣọ́ ọjà. Títí di òní, n kò tíì gbọ́ pé olè kan rọra jí páànù gbé lóru. Ariwo rẹ̀ nìkan tó láti mú un.

Ìyá ọkọ mi ti wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti máa wẹ ọmọ, bí àṣà wa. Yàrá kan náà la jọ ń sùn, òun lórí ẹní, èmi lórí ibùsùn. Ní gbogbo òru tí ọmọ bá ti ké, màá gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú òkùnkùn pé kí n gbé e wá. Màá ní kó máa sùn, pé kò rẹ̀ mí.

Irọ́ ni. Ó rẹ̀ mí tó fi jẹ́ pé eyín ẹnu mi pàápàá ń tòògbé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Nígbà náà, bí àwa tá a wà ní ìdálẹ̀ bá bímọ, ìyá bàbá ọmọ a máa mú un lọ sílé bó bá ti já lẹ́nu ọmú, kó lè mọ ilé, kí Yorùbá rẹ̀ má baà dà pọ̀ mọ́ Twi àti Haúsá. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọkọ mi ṣe mú àkọ́bí ìyáalé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ìgbà tí ìyáalé mi fi máa délé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ọmọ tó bí dọ̀bálẹ̀ fún un, ó kí i kú ìrìn bí àlejò, ó sì sá sẹ́yìn ìyá àgbà. Mo wà níbẹ̀. Mo rí ojú ìyáalé mi.

Èmi wá rò ó báyìí: ẹni tí ọmọ bá ń sùn mọ́ lára ló ni ọmọ. Bí mo bá gbé e fún ìyá ọkọ mi lóru kan péré, òórùn ara ìyá á mọ́ ọmọ lára, bó bá sì tó àkókò, wọn á jọ wọ lọ́rí gba Lómẹ̀ kọjá. Nítorí náà mo fi oorun mi ṣe ọgbà yí ọmọ ká. Ẹ ò rí i pé ọlọ́gbọ́n ni mí.

Ní ìdájí kan, mo jáde lọ bu omi. Mo bá ìyá ọkọ mi tó dúró sápá ibi àgbá, tó ró ìró aláró rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Kò dáhùn. Mo bi í bóyá ó sùn dáadáa. Kò dáhùn. Inú bí mi. Mo ní kí ni mo tún ṣe ní òwúrọ̀ kùtù báyìí? Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo wà tí mo fi gbọ́ ohùn ìyá ọkọ mi lẹ́yìn mi, láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Ó ní ìró tí òun sá lé àgbá lórí ni mò ń kí.

“Dìde, ìyàwó mi,” ó ní. “Ó ti gbọ́. Àgbá kì í yára dáhùn.”

Láti ọjọ́ náà, kí ará agboolé kankan tó bu omi, wọ́n á kọ́kọ́ bi mí bóyá àgbá ti jí.

Ti àgbá kéré. Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, mo padà sọ́jà, mo ń pọn ọmọ lọ, kí n má baà fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kan, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, mo fún un lọ́mú, mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn kí n lè tún ìró mi ró. Mo pọ̀n ọ́n, mo di ọ̀já, mo gbé igbá rù, ó di Kotobabi. Lójú ọ̀nà mo kíyè sí i pé ó fúyẹ́. Mo ní agbára mi ló ń padà bọ̀. Mo kíyè sí i pé kò ké rárá. Mo ní ó ti ń gbọ́n, èmi ló jọ.

Obìnrin Gá kan tó ń gbé ẹja yíyan wá láti Jamestown ló ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo yangàn fún un dáadáa. Mo ní ọmọ mi ti kọ́ oorun, láti ìdájí kò tíì mira. Pé àwọn abiyamọ mìíràn ni kò mọ ọmọ tọ́. Ó yìn mí. Ó na ọwọ́ láti fi ẹsẹ̀ ọmọ ṣeré, ó wá a lápá ọ̀tún, ó wá a lápá òsì.

Ó ní, “Alátà, níbo lo fi ẹsẹ̀ ọmọ rẹ sí?”

Mo tú ọ̀já. Ìrọ̀rí ni.

N kò dúró gbọ́ ẹ̀rín wọn. Mo fi igbá sílẹ̀, mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ láti Kotobabi dé Níma, pẹ̀lú ìrọ̀rí lọ́wọ́. N kò mọ ìdí tí n kò fi jù ú nù. Mo kọ́kọ́ rò pé ọmọ ti já bọ́ látorí ibùsùn. Lẹ́yìn náà mo ro èyí tó ń tì mí lójú láti sọ títí di òní: mo rò pé ìyá ọkọ mi ti gbé e lọ sí ibùdó àwọn lọ́rí.

Mo bá wọn lórí ẹní. Ìyá ọkọ mi fẹ̀yìn lélẹ̀, ọmọ dojú bo àyà rẹ̀, àwọn méjèèjì ń hanrun. Ó la ojú kan. Ó wo ọwọ́ mi.

“O ti gbé ọmọ rẹ dé,” ó ní. “Ṣé ó ti jẹun?”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omijé bọ́ lójú mi. Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ.”

Ó dìde jókòó. Ó bi mí ta ló sọ fún mi pé òun fẹ́ gbé ọmọ lọ. Mo dárúkọ ọ̀ràn ìyáalé mi. Ó fi ọwọ́ pa ọmọ lẹ́yìn.

“Bàbá ọmọ yẹn ló ní kí n mú un, ìyá rẹ̀ ò sì sọ̀rọ̀. Ìwọ ti sọ̀rọ̀ báyìí, mo ti gbọ́. Ọmọ yìí ní ìyá nítòsí. Ìwọ ni kò ní. Ta lo rò pé mo tìtorí rẹ̀ wọ lọ́rí fún ọjọ́ mẹ́ta? Dùbúlẹ̀.”

Mo dùbúlẹ̀. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, orí ẹní ìyá ọkọ mi ni ọmọ ń sùn. Bó bá ké, ìyá á gbé e wá, á fi ọmú mi sí i lẹ́nu, á dúró tì wá títí á fi yó, á gbé e padà. Èmi ò ní mọ̀. Mo di màlúù tí wọ́n ń fún wàrà rẹ̀ lójú oorun.

Òru òmìnira kò bá mi lójúfò. Wọ́n ní gbogbo ìlú jáde, wọ́n ní ọkọ̀ ń fọn fèrè, àwọn àgbààgbà ń sunkún ayọ̀ ní pápá. Wọ́n ní. Èmi sùn ní ìlú kan, mo jí ní òmíràn. Bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá bi mí ohun tí mo rí lóru náà, mo máa ń sọ fún wọn bí àsíá tuntun ṣe ń gòkè. Ẹ dárí jì mí, ojú àlá ni mo ti rí i.

Nígbà tí ọmọ já lẹ́nu ọmú, ìyá ọkọ mi di ẹrù rẹ̀. Ọkọ mi ní kó mú ọmọ dání, bí wọ́n ti ń ṣe é. Mo kúnlẹ̀. Ìyá ọkọ mi tẹjú mọ́ mi, ó ní kí n sọ ọ́.

Mo ní, “Mi ò fẹ́ kó lọ.”

Ó yíjú sí ọkọ mi. “Ṣé o gbọ́ ọ? Èmi náà ò fẹ́. Láti ìgbà tí mo dé ìlú yín ni mo ti ń bá ọmọ yìí ṣàìsùn. Mo ń lọ sílé lọ sùn ni.”

Bó ṣe parí nìyẹn, báyìí la sì ṣe pín ogún ọ̀rọ̀ náà. Ìyá ọkọ mi gbé oorun lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó sùn ún fún ọdún púpọ̀ kó tó wá sun èyí tí a kì í jí. Ọkọ mi jogún sọ́ọ̀bù. Bí kò bá sí òjò tó ń jò síbẹ̀, kì í rántí ilé. Ọmọ náà jogún ahọ́n àdàlù: Yorùbá rẹ̀ ń gun Twi, bó bá sì bínú, Gá ló fi ń bú wa. Ohun tí wọ́n ń sá fún ló dé yẹn, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Èmi, etí ni wọ́n pín fún mi. Bí ọmọ ẹnikẹ́ni bá ké ní agboolé yìí, màá ti dìde jókòó kí ìyá rẹ̀ tó jí.