Ọta Kékeré àti Ọ̀bẹ Bàbá Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni má bàa bá mi sọ ọ́ lẹ́yìn: èmi ni mo yan ọta náà. Kò sẹ́ni tó tì mí. Òyìnbó tó ń ta ìbọn kìlọ̀ fún mi, ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń ṣọdẹ kìlọ̀ fún mi, mo sì dá àwọn méjèèjì lóhùn bí ẹni tí wọn kò kọ́ nílé.

Ìyá mi ló fà á. Wọ́n wá láti Ìlọrin sọ́dọ̀ mi ní Cheetham Hill nílùú òyìnbó lẹ́yìn ikú bàbá mi, wọn kò sì jẹun. Wọ́n á bu ìrẹsì ṣíbí mẹ́ta, wọ́n á ní àwọn ti yó. Adìẹ wà nínú fíríìjì, ẹran màlúù wà, ti alápatà Mùsùlùmí ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Ìyá mi á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á ní kò dùn lẹ́nu àwọn. Ìró bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ nídìí wọn. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jókòó sídìí fèrèsé, tí wọ́n ń wo àwọn báàsì tó ń gùnkè lọ, wọ́n kàn ní, "Ẹtu ni ẹnu mi ń fẹ́. Ẹtu bàbá rẹ." Mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo sunkún.

Ọdẹ paraku ni bàbá mi. Ìbọn ṣakabùlà ni wọ́n ń lò. Bí ìbọn yẹn bá ti dún, wọ́n ti sọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ti fa ọ̀bẹ yọ, wọ́n ti ń sáré. Mo rí i lójú ara mi: àgbàlagbà tó ń sáré bí ọmọ ọdún méjìlá, tí ẹ̀gún ń fa dàńṣíkí wọn ya. Wọ́n á bá ẹran náà láàyè, wọ́n á ṣe Bísímílà, wọ́n á dú u. Èyí tó bá ti kú kí ọ̀bẹ tó dé, kì í wọ ìkòkò ìyá mi, àwọn aládùúgbò tí kì í ṣe Mùsùlùmí ni wọ́n ń kó o fún. Ohun tí mo fi kọ́gbọ́n ni pé ìyá mi ni wọ́n ń torí rẹ̀ sáré, kí ìyá mi lè rí ẹran jẹ.

Èmi náà ti gba láísẹ́nsì ìbọn níbí. Ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, tí wọ́n ń wa báàsì, tí wọ́n ń gbé ní Pendleton, àwọn ni wọ́n mú mi wọ iṣẹ́ ọdẹ. Àgbẹ̀ òyìnbó kan ní Cheshire gbà wá láyè lórí ilẹ̀ rẹ̀, nítorí ẹran kékeré kan ń jẹ igi rẹ̀ run. Mọ́ńjáàkì ni wọ́n ń pè é. Kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju orúnkún èèyàn lọ, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó máa ń tẹríba rìn bí ẹtu gẹ́lẹ́. Gbogbo èyí tí mo ti fi ìbọn ẹ̀gbọ́n pa, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń kú. Kí n tó débẹ̀, ẹ̀mí ti bọ́ lára wọn. Ààfáà mọ́sáláṣí wa ní bí mo bá ti ṣe Bísímílà kí n tó yìnbọn, tí ọta sì mú ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹran mi dára. Mo ní ẹ ṣeun o, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ìyá mi.

Ni èmi àti ẹ̀gbọ́n bá lọ ra ìbọn tèmi, èyí tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, tí wọ́n ń pè ní tú-tú-tírì. Òyìnbó tó ń tà á gbé páálí ọta méjì síwájú mi. Ó ní ọta ti ọwọ́ ọ̀tún wúwo díẹ̀, á wọlé dé ọkàn. Ti ọwọ́ òsì ló fúyẹ́ jù lọ nínú èyí tí òfin gbà fún mọ́ńjáàkì, ṣùgbọ́n kíá ló máa ń fọ́: bó bá kan egungun, abẹ́ awọ níbẹ̀ ló máa túká sí. Ó ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni òun ń fi irú ẹ̀ pa.

Mo nawọ́ sí ti òsì.

"Àbúrò, kí lò ń ṣe?" ẹ̀gbọ́n ní.

"Mi ò fẹ́ kó kú kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

"O fẹ́ ṣe é léṣe ni?"

"Mo fẹ́ kó dúró dè mí ni."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ẹran tí wọ́n yìnbọn fún máa ń dúró de èèyàn? Ẹ̀yin ará Ìlọrin yìí náà ṣá!"

"Ẹ fi Ìlọrin sílẹ̀ o! Ẹ̀yin lẹ máa bá mi gbé e dé iwájú ìyá mi ni?"

Òyìnbó ń wò wá bá a ṣe ń pariwo mọ́ra wa. Mo sanwó, mo gbé páálí mi.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé mò ń lọ wá nǹkan tó jọ ẹtu, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín wọn. Wọ́n ṣí àpótí wọn, wọ́n tú ìborùn kan, ọ̀bẹ bàbá mi ló wà níbẹ̀, wọ́n ti pọ́n ọn láti ilé. "Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀," ni ìyá mi wí.

Àárọ̀ Sátidé ni, èmi àti ẹ̀gbọ́n wà lórí ilẹ̀ àgbẹ̀ náà. Yìnyín bo koríko. Akọ mọ́ńjáàkì kan jáde létí ọgbà, ó ń já ewé jẹ. Mo ṣe Bísímílà, mo yìnbọn.

Ẹran náà fò sókè, ó ṣubú, ó dìde. Èjìká rẹ̀ ti fọ́ yángá, egungun funfun ń yọ jáde, ẹsẹ̀ iwájú kan ń fì dirodiro. Ó wá figbe ta. Yéè! Mo ti gbọ́ igbe ẹran rí, mi ò gbọ́ irú èyí rí. Bí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára ló ń ké. Ó ń yí bírí lójú kan náà, ó ń jan orí mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ta sórí yìnyín.

Ẹ̀gbọ́n ti gbé ìbọn ńlá tiwọn sókè. "Mo ti rí i," wọ́n ní. "Yẹra."

Mo di ẹnu ìbọn náà mú, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Ẹ má yìn ín! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá a láàyè!"

"Ṣé orí ẹ dàrú ni? O di ẹnu ìbọn mú?"

Wọ́n fọ́ mi létí. Mi ò jẹ́ dá a padà, àgbà ni wọ́n, ṣùgbọ́n mi ò tú ìbọn yẹn sílẹ̀ títí ẹran fi wọ́ ara rẹ̀ wọgbó. Mo yọ ọta kúrò nínú ìbọn tèmi, mo ju ìbọn náà sẹ́sẹ̀ wọn, mo fa ọ̀bẹ yọ, mo sáré.

Mo rò pé bí bàbá mi ni mo ṣe ń sáré. Ẹ̀jẹ̀ ń júwe ọ̀nà fún mi lára ewé àti lára òkúta. Ó tó wákàtí kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bá a, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta sá, ìkẹrin ń lọ́ mọ́ ẹ̀gún, ó ń fà á já. Ara wáyà ẹlẹ́gùn-ún ló há sí níkẹyìn. Mo bẹ́ lé e. Akọ mọ́ńjáàkì ní eyín gígùn méjì, mo mọ̀, mo gbàgbé. Ó fi ya mí lọ́rùn ọwọ́. Inú bí mi, mo bú u, mo bú ìyá tó bí i. Èmi tí mo fọ́ ọ léjìká, èmi náà ni mo tún ń bú u.

Mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ tèmi ń yọ̀ mọ́ èèkù ọ̀bẹ. Mo dú u, kò wọlé dáadáa. Mo tún un dú. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wò mí. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ẹ̀jẹ̀ ọ̀fun tú jáde, tó ta ẹsẹ̀, tó sì dákẹ́. Mo ní Alihamudulilai. Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn gan-an ni.

Ẹ̀gbọ́n fi mọ́tò wọn gbé mi dé Cheetham Hill. Wọ́n ní kí n kó ẹrù mi sọ̀kalẹ̀. "Èmi àti ìwọ ò jọ lọ sóko ọdẹ mọ́," wọ́n ní, wọ́n sì wa mọ́tò wọn lọ.

Ìyá mi ti lọ ata kalẹ̀. Wọ́n ti gbé ìkòkò kaná, wọ́n ti so ìró le dan-in. Mo kó ẹran sílẹ̀ fún wọn, mo ju ọ̀bẹ sínú síǹkì. Wọ́n mú apá kan, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ èjìká rẹ̀ níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti dì dúdú. Wọ́n mú itan, wọ́n gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ wò, òun náà dúdú. Ọwọ́ wọn dúró.

"Ó pẹ́ kó tó kú?"

"Ọ̀bẹ bá a láàyè, Màámi."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

"Ó sáré díẹ̀."

"Ẹran tó sáré díẹ̀ kì í dúdú báyìí. Ogójì ọdún ni mo fi gé ẹran bàbá rẹ. Kí lo ṣe fún un?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀: páálí méjì, ọta tó fúyẹ́, ìbọn ẹ̀gbọ́n tí mo dì mú. Mo rò pé wọ́n á gbàdúrà fún mi. "Torí yín ni mo ṣe mú èyí tó kéré," mo ní, "kó má bàa kú kí n tó dé. Bí Bàbá ṣe máa ń sáré torí yín."

Wọ́n fara ti ògiri. "Torí ta ni? Ṣé torí ìkòkò mi ni bàbá rẹ ṣe ń sáré? Kí oró ẹran lè tètè tán ni o! Ìbọn wọn ò dára, wọ́n mọ̀ pé kò dára, ni wọ́n ṣe ń sáré. Bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó bá a, bí ọ̀bẹ tilẹ̀ bá a láàyè, àwa méjèèjì ò ní fẹnu kàn án. Ìwọ wá lọ fowó ra oró, o ní torí tèmi ni."

Wọ́n pa gáàsì. Wọ́n mú ọ̀bẹ bàbá mi nínú síǹkì, wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n fi ìborùn wé e, wọ́n dá a padà sínú àpótí wọn, wọ́n sì tì í. Nígbà tí a kírun Àsárì tán, ìrẹsì funfun ni ìyá mi bù, ṣíbí mẹ́ta, wọ́n ní àwọn ti yó.