Ẹni Tó Máa Ń Ti Géètì

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì í gba ẹnu géètì kọjá kí wọ́n má bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹnìkan ń bọ̀, kí wọ́n tó tì í. Bí wọ́n bá rí ti ẹlòmíì tó ṣí sílẹ̀, wọ́n á bá onílé tì í. Gbogbo àdúgbò wọn l'Óǹdó ló mọ̀ wọ́n mọ́ ọn.

Ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti ṣe nọ́ọ̀sì títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Bí mo bá ti Àkúrẹ́ lọ kí wọn, wọ́n á wọ bàtà rọ́bà, wọ́n á ní ká lọ rìn. Ọlọ́kadà á dúró: "Màmá, níbo lẹ ń lọ?"

"N ò lọ síbì kankan. Mò ń rìn ni."

Ọkùnrin náà á wò mí bí ẹni tó fẹ́ bá mi kẹ́dùn. Bí òjò bá ṣú tí mo ní ká padà, wọ́n á ní, "Ṣé iyọ̀ ni ẹ́ ni?"

Wọ́n máa ń sọ pé lọ́hùn-ún, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ń gba àárín oko olóko kọjá, ẹnikẹ́ni ló sì lè rìn ín. Kìkì pé kí o ti géètì, kí àgùntàn má baà jáde.

"Ẹ dán an wò nínú oko kòkó níbí, wọ́n á pè yín lólè."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. "A ó jọ lọ wò ó lọ́hùn-ún."

Èmi nìkan ni mo lọ, lọ́dún tó tẹ̀lé ìsìnkú wọn. Òjò wínníwínní ń rọ̀ lórí òkè, àgùntàn ń wò mí. Mo gba géètì onígi kan kọjá, mo bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Síbẹ̀ mo di géètì náà mú ní ṣíṣí, títí ọwọ́ mi fi tutù, kí n tó tì í.