Òwú Tí Ìyá Onípíìnì Ń Fi Eyín Já

Aránṣọ ni àbúrò mi obìnrin. Yàrá iwájú ló ti ń ṣiṣẹ́, èmi ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà, nítorí ìmọ́lẹ̀. Bó bá ń wọn aṣọ mọ́ èèyàn lára, ẹnu ló ń kó píìnì sí, á sì máa fi ẹnu náà sọ̀rọ̀. Ohun tó ń sọ kì í yé àwọn oníbàárà. Wọ́n á kàn máa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ló sọ ọ́ ní Ìyá Onípíìnì. Bó bá rán aṣọ dé òpin, eyín ló fi ń já òwú. Àlùmọ́gàjí wà lórí tábìlì. Kì í wò ó.

Láti kékeré ni eyín rẹ̀ ò ti tò. Tòkè bo tìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò dà á láàmú. Ìgbà tó lé ní àádọ́ta ọdún ló di wàhálà: eyín ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lókè ẹnu. Lọ́jọ́ kan ó já òwú lára aṣọ funfun oníbàárà, ẹ̀jẹ̀ kán sí i. Ó fọ aṣọ náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ wa. Eyín tiẹ̀ yọ síta, wọ́n sì ti dá ọjọ́ fún un láti rí dókítà eyín. Àbúrò mi mú un lọ. Mo tẹ̀ lé wọn, mi ò níṣẹ́ kan lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Obìnrin ni dókítà yẹn, kò tíì dàgbà púpọ̀. Ó yẹ ẹnu ọmọ wò, ó ní wáyà ni yóò tò ó, bí ọdún kan àti ààbọ̀. Àbúrò mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo tèmi náà."

Dókítà wò ó pẹ́. Ó ní, "Màmá, eyín ìsàlẹ̀ ti ń jẹ ẹran òkè ẹnu yín. Bẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, eyín iwájú á máa mì, ẹ ó pàdánù wọn."

"Ṣé wáyà lè ran èmi náà? Ṣé mi ò ti dàgbà jù?"

"Á ràn yín. Ó kàn máa pẹ́ díẹ̀ sí i ni. Egungun ọmọdé ṣì ń dàgbà, ó rọ̀, eyín ń tètè rìn nínú rẹ̀. Tiyín ti gbó, ó ti le. Ẹ fi í sí ọdún méjì. Àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ràn ló ń tètè parí, ì báà ṣe ọmọdé, ì báà ṣe àgbà."

Ó kìlọ̀. Kí ọmọ má jẹ nǹkan líle. Kí ìyá má kó píìnì sẹ́nu mọ́, kó má sì fi eyín já nǹkan. Àbúrò mi ní òun gbọ́.

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé mo sọ fún un pé tútù la ti ń ká ẹja, pé tiẹ̀ ti gbẹ.

"Bùrọ̀dá, ẹ̀yin lẹ gbẹ. Èmi ṣì ń rọ̀."

Ọmọ rẹ́rìn-ín títí ó fi dúró lójú ọ̀nà.

Wọ́n lẹ irin kékeré mọ́ eyín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá fa wáyà gba inú rẹ̀. Bọ́tìnnì ni àbúrò mi ń pè é. Ó rán tìmùtìmù kékeré kan, ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́, ibẹ̀ ló ń gún píìnì sí. Àwọn oníbàárà wá ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Inú àwọn kan ò dùn sí i.

Píìnì kúrò lẹ́nu. Òwú ò kúrò. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbé e lọ sẹ́nu láìbi í léèrè. Bọ́tìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Dókítà á lẹ̀ ẹ́ padà, á bi í pé kí ló jẹ. Àbúrò mi á ní òun ò jẹ nǹkan kan.

Ó lé ní ọdún kan. Eyín ọmọ ti ń wọlé, tàbúrò mi dúró síbi tó wà. Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì ilé wa ò jẹ́ kó sinmi. "Ìyá Onípíìnì, irin yìí ò tíì jáde? Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò o."

"Ìwọ tó ń gẹrun fún aráyé, irun tìẹ dà?"

Ẹnu ló fi dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó ní, "Bùrọ̀dá, wọ́n máa yọ tọmọ yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Màá ní kí wọ́n yọ tèmi náà."

"Eyín rẹ ń kọ́?"

"Bó bá fẹ́ kó já bọ́. Ọjọ́ orí mi ni. Bọ́tìnnì gan-an ò fẹ́ dúró lára eyín àgbà."

Mo rò pé òótọ́ ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó gbálẹ̀, ọmọ yẹn máa ń fa irin òòfà kiri abẹ́ ẹ̀rọ, kó lè kó píìnì tó jábọ́. Lọ́jọ́ náà ó gbé òòfà dìde, píìnì bò ó. Ohun kan wà láàárín wọn tí kì í ṣe píìnì.

"Màmá, bọ́tìnnì yín rèé."

"Mo mọ̀. Ó ti já láàárọ̀. Ohun tí ojú àgbà ń rí nìyẹn."

"Òwú ló wé mọ́ ọn yìí o, Màmá. Ṣé ọjọ́ orí ló so ó?"

Àbúrò mi gbà á. Ó wá awò ojú rẹ̀, ó lọ síbi fèrèsé. Òwú aṣọ tó ń rán lọ́jọ́ náà ni. Ó tú u kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ mi ni. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ nígbà tó ń lọ."

Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n yọ tọmọ. Àbúrò mi gbé bọ́tìnnì àti òwú sórí tábìlì dókítà, kò pa nǹkan kan mọ́. Dókítà wò ó, ó ní, "Oṣù díẹ̀ ni ọjọ́ orí gbà lọ́wọ́ yín, Màmá. Òwú ló gba ìyókù. Bí bọ́tìnnì bá ti já, eyín yẹn á dúró. Ìgbà míì á tún padà sẹ́yìn. Ṣé kí n yọ ọ́, àbí kí n lẹ̀ ẹ́?"

Àbúrò mi wo ọmọ ọmọ rẹ̀, tó ń fi ahọ́n kiri eyín tuntun.

"Ẹ lẹ̀ ẹ́."

Ọmọ so àlùmọ́gàjí kékeré mọ́ okùn, ó fi kọ́ àbúrò mi lọ́rùn. Bí òwú bá ti ń lọ sókè, ọmọ á wúkọ́. Bí kò bá sí nílé, èmi á wúkọ́. Onígbàjámọ̀ bi mí pé àìsàn wo ló wọ ilé wa.

Bọ́tìnnì kankan ò já mọ́. Ó pẹ́ ju ọdún méjì lọ, àmọ́ ó parí, wọ́n yọ irin náà. Dókítà fi ìka ti eyín iwájú, kò mì. Ó fún un ní ohun tí yóò máa fi sẹ́nu sùn, irú èyí tí wọ́n ti fún ọmọ, kí eyín má baà padà.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló jókòó ti ẹ̀rọ. Aṣọ funfun ló wà níbẹ̀. Ó rán an dé òpin, ó gbé òwú sókè. Ọmọ ò sí nílé. Mi ò wúkọ́. Ó dé ẹ̀bá ètè, ó dúró síbẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ẹ bá mi mú àlùmọ́gàjí."

"Ọrùn rẹ ló wà."

Ó wo àyà rẹ̀, ó mú un, ó fi gé òwú.