Àbdùlbàkí Tún Ọkọ̀ Àna Rẹ̀ Kùn

Ẹ bá mi bi Àbdùlbàkí ọ̀rẹ́ mi, èwo ni tiẹ̀? Èmi ti bi í títí, ó ti sú mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Treichville nílẹ̀ elédè Faransé ni, tôlier ni ní àdúgbò Marcory: ọkọ̀ tó bá kọlu nǹkan, òun ní í lu irin ara ọkọ̀ náà títí yóò fi tẹ́jú, tí yóò sì kùn ún lọ́dà. Ọkọ̀ kì í gbé ojú ọgbẹ́ kúrò lọ́gbà rẹ̀. O gbé taksí wá nítorí ilẹ̀kùn, yóò bá ọ tún bọ́ńpà ṣe mọ́ ọn. Bó o bá bínú, kó o máa bínú lọ. Ọwọ́ rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ò gbọ́ràn.

Didier ni ọkọ Azizatou, ọmọ Àbdùlbàkí obìnrin. Ará Porto-Novo ni ìdílé Didier, ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Bàbá Didier kú lọ́dún tó kọjá, ó fi àwọn ọkọ̀ kéékèèké onírin sílẹ̀ fún un. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwòrán ọkọ̀ eré-ìje ayé àtijọ́ gẹ́lẹ́ ni wọ́n: imú gígùn, ihò kan ṣoṣo fún awakọ̀, nọ́ńbà lára. Nígbà tí mo rí wọn, mo rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà ń kó ohun ìṣeré jọ! Ṣùgbọ́n bí ẹni gbé ẹyin ni Didier ń gbé wọn.

Nígbà tí wọ́n ń tún ilé wọn ní Biétry ṣe, Didier kó àwọn ọkọ̀ náà wá fún bàbá ìyàwó rẹ̀ pé kó bá òun tọ́jú wọn. Ó ní, “Papa, ọ̀dọ̀ yín nìkan ni ọkàn mi balẹ̀ sí.” Inú Àbdùlbàkí dùn débi pé ó sọ ọ́ fún gbogbo Marcory. Ọmọkùnrin náà ò ní bàbá mọ́, òun náà ò sì bí ọkùnrin.

Ọ̀kan wà nínú wọn, aláwọ̀ búlúù. Ọ̀dà imú rẹ̀ ti ṣí, irin ń yọjú, taya kan sì wọ́. Àbdùlbàkí wò ó, ara rẹ̀ ò gbà á.

“Ṣé irú èyí ni àna mi máa wá gbà lọ́wọ́ mi? Kí ni wọ́n máa sọ nípa mi?”

Ó ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, ó po tuntun, ó na taya, ó kùn ún, ó kọ nọ́ńbà mìíràn sí i. Mo wà níbẹ̀. Ká sòótọ́, ó ń dán gbinrin.

Didier dé. Ó gbé e, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ojú rẹ̀ fà ro. “Papa, ibí yìí… ibi ọwọ́ bàbá mi ni.” Ó wá ṣàlàyé, ó ń fi Faransé bọ Yorùbá: láti kékeré, gbogbo dimanche, ìyẹn ọjọ́ Àìkú, òun àti bàbá òun máa ń jókòó sílẹ̀, wọ́n á máa ti ọkọ̀ yẹn síra wọn. Àtàǹpàkò bàbá ló jẹ ọ̀dà imú rẹ̀ tán. “C'est pas grave, Papa,” ó ní, pé kò burú. Kò pariwo. Ó kó ìyókù, ó fi búlúù náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ.

Ìyẹn ló da orí ọ̀rẹ́ mi rú. “Ó fi ta mí lọ́rẹ ni, àbí kò fẹ́ fojú rí i mọ́? Bó bá jẹ́ ẹ̀bùn, ó yẹ kí n dúpẹ́. Bó bá jẹ́ ìbínú, ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́. Èwo ni kí n ṣe?”

Mo ní kó bi í. Ó ní àna kì í bi àna nírú ẹ̀. A bi Azizatou, Azizatou ní òun ò mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ò lè jẹun mọ́. Bí oníbàárà bá gbé ọkọ̀ wá, Àbdùlbàkí tí kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni á máa bi í bóyá ó fẹ́ràn ibi tó wọ́ yẹn. Ẹ gbọ́ ìranù! Ó ń ṣe mí láàánú, ó sì ń bí mi nínú. Kò yé e bí ọgbẹ́ ṣe lè jẹ́ ọrọ̀. Ká má purọ́, kò yé èmi náà. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, ó pè é lórí fóònù. “Didier, ẹ ṣeun, ẹ má bínú,” ó sọ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Didier ní òun ń bọ̀ ní dimanche.

Ó dé lóòótọ́. Kò jókòó sórí àga. Ó bọ́ bàtà, ó gbé ọkọ̀ búlúù náà kúrò lórí tábìlì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì tì í sọ́dọ̀ Àbdùlbàkí. Ọkọ̀ náà yí lọ, ó kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dúró. Ọ̀rẹ́ mi wò ó, ó wo Didier, ó wò mí.

“Jókòó,” mo pariwo mọ́ ọn, “kó o tì í padà!”