Orúkọ Tí Asiata Kò Lè Pè

Ní agbo ilé Ọlábámijí ní Ọ̀fà, ìyàwó kan kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Kì í sì í ṣe ti ọkọ nìkan. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti bí sínú ilé náà kí ìyàwó tó wọlé, ìbáà jẹ́ ọmọ ọmú, ọkọ ni lójú rẹ̀, orúkọ ìnagijẹ ni yóò sì máa fi pè é. Asiata mọ òfin yìí dójú àmì. Kamaldeen, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń lọ sí ilé-ìwé, Akọ̀wé ló ń pè é. Rábíátù, àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, Eyínafẹ́ ni. Abdulganiyu, ọkọ rẹ̀ gan-an, Bàbá Ọmọ́ládé ni láti ìgbà tí wọ́n ti bímọ.

Abdulganiyu ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè Ọ̀fà kí ó tó wọkọ̀ òkun lọ sí ìlú ọba lọ́dún 1959. Oyún wà nínú Asiata nígbà náà. Nígbà tó fi máa di ọdún 1964, ó ti rí iṣẹ́ gidi nínú ọkọ̀ ojú irin ní Leeds, ó ti háyà yàrá méjì, ó sì ti kọ̀wé sí ìjọba ibẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ìyàwó àti ọmọ òun wá máa gbé pẹ̀lú òun títí ayé, pé òun ni yóò máa bọ́ wọn.

Ọ̀dùnkún sísè ni Asiata ń tà fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin. Nígbàkígbà tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó bá fọn fèrè, Ọmọ́ládé á fa ìró ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, ṣé èyí ló ń lọ bá Bàbá?"

"Kì í ṣe èyí."

Ọmọ náà kò tíì fojú kan bàbá rẹ̀ rí. Ohun tó ń dun Asiata jù nìyẹn.

Kàdúná ni wọ́n ti ń fúnni ní ìwé ìwọ̀lú. Asiata fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó mú ìwé tí Ìmáàmù kọ nípa yìgì rẹ̀ dání, ó lọ. Òyìnbó kan ló jókòó sídìí tábìlì. Ẹni tó ń ṣe ògbufọ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n bí sí Kàdúná. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n àṣà ilé kò yé e.

"Kí ni orúkọ ọkọ yín?"

"Bàbá Ọmọ́ládé."

"Rárá o, ìyá. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i."

Asiata wolẹ̀. "Ẹ wo ìwé ọwọ́ yín. Ó wà níbẹ̀."

"Òyìnbó ní ẹnu yín lòun ti fẹ́ gbọ́ ọ."

"Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

"Àwọn àbúrò rẹ̀ ńkọ́?"

"Akọ̀wé. Eyínafẹ́."

Òyìnbó wo ìwé tí Abdulganiyu kọ ránṣẹ́. Kò sí Akọ̀wé níbẹ̀, kò sí Eyínafẹ́. Kò bínú. Ó ní àwọn obìnrin kan ti wá rí tí wọ́n fi ìwé ọkọ ọlọ́kọ bẹ̀bẹ̀. Kí Asiata lọ sílé, kí ó padà wá. Bí kò bá tún rí ìdáhùn wí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Kì í ṣe pé Asiata kò lè ṣí ẹnu. Orúkọ náà dé orí ahọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìtìjú sì gbé e mì padà. Lójú tirẹ̀, obìnrin tó bá la orúkọ ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àlejò ti bọ́ra sílẹ̀ láàrin ọjà.

Nígbà tó dé Ọ̀fà, ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀, ó rò ó tẹkúntẹkún. Rábíátù, ọmọge tí kò tíì lọ sílé ọkọ, bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa! O wá jókòó bí ère ní Kàdúná nítorí ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń hanrun!"

Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Orí ẹní rẹ̀ ni Ọmọ́ládé ń sùn láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Bí Asiata bá yadi títí, ọmọ náà kò ní lọ síbì kankan. Asiata mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi lè wo ojú ìyá ọkọ rẹ̀. Ó ń retí kí ìyá náà wí pé ó dára bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gba kádàrá.

"Èmi náà, ìyàwó ni mí nínú ilé yìí," ni Ìyá Àgbà wí níkẹyìn. "N kò lè tú ohun tí kì í ṣe èmi ni mo dè é. Ìwọ Rábíátù tó ń fi eyín ṣe yẹ̀yẹ́, ìwọ lọmọ ilé. Ìwọ lọkọ rẹ̀. Tú u sílẹ̀."

Ẹ̀rín pa mọ́ Rábíátù lẹ́nu. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó dìde dúró.

"Ìyàwó wa, mo yọ̀ǹda fún ọ. Ọ̀rọ̀ kankan kò ní tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ó yá, pè mí."

"Eyínafẹ́."

"Orúkọ mi!"

"Rá..." Asiata fọwọ́ bo ẹnu. Àwọn ìyàwó ilé tó ń gúnyán lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn hó yèè.

"Àyà Asiata mà le o!"

"Ẹ jẹ́ kó pè é tán ná! A ò gbọ́!"

"Rábíátù," ni Asiata wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, nítorí pé ìkúnlẹ̀ kò tó mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọmọrí odó fi bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan.

Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti lè pe Kamaldeen. Ṣùgbọ́n tí ó bá kan ti ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ á wọlẹ̀. Ìyá Àgbà fà á mọ́ra.

"Èmi ni mo bí i. Bó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu rẹ, kò ní bínú. Ọmọ yìí gbọ́dọ̀ mọ bàbá rẹ̀."

Àwọn méjèèjì ló jọ mú Ọmọ́ládé lọ sí Kàdúná. Ìyá Àgbà jókòó síta pẹ̀lú ọmọ. Nígbà tí wọ́n béèrè, Asiata dì mọ́ etí tábìlì.

"Abdulganiyu Ọlábámijí," ló wí. Ó ka àwọn yòókù tẹ̀ lé e, omijé sì ń wọ́ lójú rẹ̀. Òyìnbó bi í pé kí ló ń pa á lẹ́kún. Ó ṣàlàyé, ó pẹ́ kí ògbufọ̀ tó túmọ̀ rẹ̀ tán, nítorí pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni. Òyìnbó gbé kálàmù sílẹ̀.

"Ta ló wá fún yín láṣẹ?"

"Àwọn ará ilé ọkọ mi ni, sà."

Ó tún mú kálàmù, ó buwọ́ lu ìwé náà.

Níta, Asiata kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ọpẹ́ kò jáde. Ìbéèrè ló jáde: "Ìyá, ta ni yóò máa sùn tì yín báyìí?"

"Èmi nìkan, màá sì sùn dáadáa. Ìpá tí ọmọ yín ń ta mí lóru, ṣé ó jẹ́ kí n fojú ba oorun ni?" Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Dìde, jàre. Ilẹ̀ ń gbóná."

Asiata àti Ọmọ́ládé gúnlẹ̀ sí ìlú ọba kí ọdún náà tó parí, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́rin, agbára wọn ká a láti fìwé pe ẹnì kan. Kamaldeen ni Abdulganiyu ní lọ́kàn. Asiata bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ Rábíátù, kí ó wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ òun?"

"Bàbá Ọmọ́ládé, bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ẹ ò bá má tíì mọ ọmọ yín."

Abdulganiyu kò jiyàn. Ó fa kálàmù yọ, ó sì ní kí Asiata jókòó ti òun kí àwọn jọ kọ ìwé náà.