Ọjọ́ Tí Wọ́n Pè Mí Ní Ọ̀mùtí Ní Ọsibítù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní ọsibítù kan nítòsí Bẹẹrẹ nílùú Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́ síbí. Ìgbàkígbà tí mo bá gbé fóònù báyìí, màá kọ ìlà kan, màá pa á rẹ́, màá sì gbé e sílẹ̀. Lónìí, mo ní bó ti wù kó rí, màá kọ ọ́.

Fún ẹni tí kò mọ̀ mí dáadáa, Làsísì lorúkọ mi, ọmọ àdúgbò Bẹ́yẹrunkà. Iṣẹ́ pọ́líìṣì ni mò ń ṣe. Bí kápíńtà bá ti kan àga tàbí bẹ́ẹ̀dì tán, èmi ni màá fi sáńdípépà ha á kó jọ̀lọ̀, tí màá wá kùn ún kó máa dán. Sípírítì la fi ń po pọ́líìṣì yẹn. Ẹni tó bá ti sún mọ́ sípírítì rí mọ òórùn rẹ̀, bí ògógóró ló ṣe ń rùn. Ó ń wọ aṣọ, ó ń wọ irun, kódà Sìkírátù ìyàwó mi kì í jẹ́ kí n wọ yàrá láìwẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, agbo ilé ááfà ni wọ́n bí mi sí. Ọtí ò kan ètè mi rí láyé mi.

Nǹkan kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé mo ní ìtọ̀ ṣúgà. Oògùn oníhóró ni mò ń lò láràárọ̀, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá ti lò ó, kí n jẹun. Torí pé bí oògùn bá ń fa ṣúgà wálẹ̀ tí oúnjẹ ò sí níkùn, ó lè fà á kọjá ibi tó yẹ kó dé. Mo mọ èyí bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mo ti gbé oògùn mì tán, ẹ̀kọ àti àkàrà wà níwájú mi. Ni fóònù bá dún. Màmá kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí mò ń bá pọ́líìṣì àga pálọ̀ wọn. Wọ́n ní àwọn àna ọmọ àwọn ń bọ̀ lọ́sàn-án, àga méjì ò sì tíì dán tó. Wọ́n ní kí n ṣàánú àwọn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe ń rí tí àgbàlagbà bá ń bẹ èèyàn. Mo bo ẹ̀kọ mi mọ́lẹ̀, mo ní màá tètè dé.

Iṣẹ́ náà pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ìgbà tí mo fi máa jáde níbẹ̀, oòrùn ti mú, aṣọ mi ti fa sípírítì mu bíi kànìnkànìn. Mo forí lé Bẹẹrẹ, mo fẹ́ wá nǹkan fi sẹ́nu.

Mi ò tíì rìn jìnnà tí òógùn tútù fi bò mí. Kì í ṣe òógùn oòrùn. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lábẹ́ mi. Gbogbo òrùlé páànù tó wà nísàlẹ̀ níwájú mi bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí omi. Èyí tó dẹ́rù bà mí jù ni pé mo wò yíká, mi ò mọ apá ibi tí Màpó wà mọ́. Èmi tí wọ́n bí sí Ìbàdàn.

Ọlọ́kadà kan dúró. Ó ní níbo ni mò ń lọ. Mo fẹ́ dá a lóhùn, ahọ́n mi ti wúwo. Ó jọ pé àánú mi ṣe é, ó gbé mi dé ẹnu géètì ọsibítù, ó sọ fún mẹ́gáàdì pé òun bá mi níbi tí mo ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lójú títì ni, ó sì yí ọ̀kadà rẹ̀ padà. Ó ní òun ò fẹ́ kí n kú sọ́rùn òun. Mo gbọ́ ọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí nìyẹn: mò ń gbọ́. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mò ń gbọ́ wọn.

Mẹ́gáàdì gbọ́ òórùn ara mi lẹ́ẹ̀kan, ó pariwo sínú pé, "Nọ́ọ̀sì, ọ̀mùtí kan ni wọ́n gbé wá o."

Nọ́ọ̀sì jáde wá, ọ̀dọ́bìnrin kan tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn pé Bísọ́lá ni wọ́n ń pè. Ó kọ́kọ́ sọ pé, "Bàbá, kí lẹ mu?" Mo fẹ́ sọ fún un pé ṣúgà mi ló ti lọ sílẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ṣú... ṣú..." Mo rí i pé kò gbọ́ mi. Ni mo bá na ọwọ́, mo di aṣọ rẹ̀ mú kó má baà lọ.

Ó fò sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. "Má fọwọ́ kàn mí. O gbọ́? O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn mí!"

Ṣé ẹ rí i? Ó ti kúrò ní "ẹ", ó ti di "o". Ọmọ tí mo lè bí. Bí mo ṣe ń kú lọ yẹn, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì dùn mí. Mo sì mọ̀ nínú ara mi pé bí wọ́n bá ti lè máa pe àgbàlagbà ní "o" nílùú Ìbàdàn, a jẹ́ pé wọn ò ka onítọ̀hún sí èèyàn mọ́.

Ilẹ̀kùn dókítà ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Dókítà béèrè láti inú lọ́hùn-ún pé kí ló ṣe bàbá yẹn.

"Ọtí ló mu yó, Dókítà."

"Ẹ jẹ́ kí ọtí dá lójú ẹ̀. Ẹ pe ẹni tó kàn wọlé."

Kò yọjú wò mí. Ọ̀rọ̀ tí mẹ́gáàdì sọ ni nọ́ọ̀sì gbé fún dókítà, òun ni dókítà náà gbà. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó tún un béèrè.

Wọ́n ní kí wọ́n gbé mi kúrò níwájú àwọn aláìsàn tó kù. Obìnrin kan fi gèlè bo imú, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ẹnì kan ní, "Ẹ wo fìlà tó dé, ó tún ń pe ara ẹ̀ ní Mùsùlùmí." Wọ́n gbé mi lọ sórí bẹ́ǹṣì kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń han gooro lẹ́yìn ògiri. Wọ́n lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ibẹ̀ fún yín. Ìmọ́lẹ̀ ń kéré lójú mi láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Mo rántí Sìkírátù, mo gbìyànjú láti rí ojú rẹ̀, ojú náà ò wá. Mo ní bó bá ti rí báyìí, kí n ka kálímà kí n tó lọ. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ti kà sí mi létí láti ọmọdé. Mò ń wá ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kiri nínú orí mi bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn, mi ò rí i.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ẹsẹ̀ náà ń lọ, ó ń lọ, ó dúró. Lẹ́yìn náà ó ń padà bọ̀, eré ló ń sá.

Ohun tí mo mọ̀ gbẹ̀yìn ni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún mi níka, tí obìnrin kan sì lọgun pe dókítà.

Ìgbà tí mo lajú, omi oníṣúgà ń kán wọ iṣan mi. Sìkírátù jókòó tì mí, ojú rẹ̀ ti wú. Mẹ́gáàdì ló fi fóònù mi pè é, òun ló sì sọ fún un pé nọ́ọ̀sì kan náà yẹn, Bísọ́lá, ló padà wá gún mi níka. Dókítà wọlé, ó ka ohun tó wà níwájú rẹ̀, ó wá béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Bàbá, ṣùgbọ́n ó dá yín lójú pé ẹ ò mu nǹkan kan láàárọ̀?" Sìkírátù ló dá a lóhùn. Mi ò ní kọ ohun tó sọ síbí. Dókítà ní bó pẹ́ bó yá, òun náà ì bá ti rí i. Títí a fi kúrò níbẹ̀, kò bẹ̀ mí.

Nílé, àbúrò mi ní òun máa kó àwọn ọ̀rẹ́ òun lọ bá wọn. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn èmi náà. Bí mo bá ń pọ́líìṣì, "o gbọ́?" yẹn ni mò ń gbọ́. Nígbà tí ara mi yá tán, mo dìde láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo lọ bá Bísọ́lá fúnra mi. Ìjà ni mo bá lọ, mi ò ní tàn yín.

Bó ṣe rí mi ló ti kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, níwájú gbogbo èèyàn. Ìjà náà ò lè jáde lẹ́nu mi mọ́. A bọ́ sí abẹ́ igi fúrútù tó wà nínú ọgbà. Mo bi í pé kí ló dé tó fi padà.

Ó dá mi lóhùn pé, "Bàbá, mi ò ní purọ́ fún yín. Nígbà tí mo gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá, gbogbo ara yín ń gbọ̀n. Mo sọ nínú mi pé, ó tọ́ sí i. Inú mi dùn. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu wọ́ọ̀dù kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Nọ́ọ̀sì ni mí. Kí ló dé tí inú mi fi ń dùn pé aláìsàn ń gbọ̀n? Ẹ̀rù ara mi bà mí, ni mo bá sáré padà."

Ó ní kì í ṣe pé òun ò mọ àmì ẹni tí ṣúgà rẹ̀ lọ sílẹ̀. Òun mọ̀ ọ́n dáadáa. Inú tó ń bí òun ni kò jẹ́ kí òun rí i.

Mo ní kí ni mo ṣe tí inú fi ń bí i.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú tiyín, ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ wọlé. Mo fẹ́ mú un jókòó, ló bá gbá mi létí, níwájú gbogbo èèyàn. Èmi ni mo ní kí wọ́n tì í síta. Wọ́n wọ́ ọ jáde, wọ́n ti géètì. Látìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọwọ́ yẹn ni mò ń rí. Nígbà tí ẹ di aṣọ mi mú, ọwọ́ yẹn ni mo rí."

Mo ti ń ronú láti sọ fún un pé ó ti tán, pé mo ti dárí jì í. Ó gbé ojú sókè wò mí.

"Bàbá, òórùn ọtí ò sí lára ọkùnrin yẹn rárá."

Mo ní kí ló wá ṣe é.

"Òógùn ló bò ó, bíi tiyín. Aláìsàn tí ṣúgà rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ lè máa jà láìmọ̀. Ọjọ́ tí mo gún yín níka, tí mo rí ohun tí ẹ̀rọ yẹn gbé jáde, òun ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn."

A jọ jáde lọ bá bàbá fọganáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Bàbá náà rántí. Wọ́n ní ọkùnrin náà di ògiri mú fún ìgbà díẹ̀, ó wá jókòó sétí gọ́tà. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín, bàbá ní àwọn fúnra àwọn náà rò pé ọtí ni. Àwọn ń bá ẹnì kan lẹ́ táyà, nígbà tí àwọn gbójú sókè, kò sí níbẹ̀ mọ́. Bó dìde lọ ni o, bí ẹnì kan ló gbé e lọ ni o, àwọn ò mọ̀. Bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ló kù sílẹ̀. Bísọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu.

A béèrè títí dé Ọjà'ba. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún yín. Ìbínú àná, ẹ̀rù àná, ìtìjú àná, a máa ń gbé wọn dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n á sì jókòó sórí àga wa kí àwa tó jókòó. Àwọn ni wọ́n á máa wo ẹni tó bá wọlé. Ìwọ tí wọ́n fi èèyàn sábẹ́ ọwọ́ rẹ, ìbáà ṣe nọ́ọ̀sì, tíṣà, ọlọ́pàá tàbí ọ̀gá kápíńtà, bí o bá rí i pé inú rẹ dùn pé ìyà ń jẹ ẹnì kan níwájú rẹ, dúró. Padà lọ wo onítọ̀hún dáadáa. Ẹni tó sì ti sọ fún ọ pé irú èèyàn báyìí ni, bi í léèrè bóun náà ṣe mọ̀.

Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí, tí ẹnì kan ti dájọ́ yín kí ẹ tó lanu, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí àwa náà kà á.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ pé ẹ ní ẹ̀gbọ́n, tàbí bàbá, tàbí ọkọ, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù jáde nílé lọ́dún tó kọjá, tó ní òun ń lọ sí apá Bẹẹrẹ, tí kò sì padà wálé, ẹ kọ́kọ́ kàn sí mi ná. Bísọ́lá ṣì ń béèrè rẹ̀. Èmi náà ṣì ń béèrè.